Ìyá Tí Ń Ka Omi

Ìgbà karùn-ún tí Ìyá Aliyah pe nọ́ńbà náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni ẹnìkan gbé e.

Ẹ̀rù bà á, fóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú odò. Oṣù mẹ́rìnlá rèé tó ti ń pe nọ́ńbà yẹn láràárọ̀, kò sì yẹ kẹ́nikẹ́ni gbé e. Fìláàṣì ni. Bí omi bá wà ní ìlà mẹ́ta lára igi, yóò pè lẹ́ẹ̀mẹta, bó bá sì ti ń dún ni yóò ti gé e. Bó bá wà ní ìlà márùn-ún, yóò pè lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó wà lọ́hùn-ún yóò ṣe mọ ibi tí odò dé ní Agbóyì, láìná kọ́bọ̀, láìkọ lẹ́tà, láìla ẹnu. Ìlà mẹ́jọ ni omi wà lọ́jọ́ náà, ìpè mẹ́ta ló sì kù tí yóò fi parí iṣẹ́ rẹ̀, ni ohùn ọkùnrin kan bá jáde.

"Ẹ̀lóò? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e."

Ó gé e. Kírẹ́díìtì tó wà lórí fóònù náà kì í ṣe èyí tí èèyàn ń fi bá àjèjì sọ̀rọ̀.

Orí pákó tó nà láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wọnú omi ló dúró sí, ó ká ìró rẹ̀ dé orúnkún. Igi náà wà níwájú rẹ̀, níbi tí wọ́n rì í mọ́ lọ́dún tó kọjá. Ó ga ju èèyàn lọ, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa àti funfun pín in sí ìlà mẹ́wàá látìsàlẹ̀ dókè. Méjì péré ló ṣì hàn lórí omi. Ó ń rò ó bóyá kí òun máa bá ìpè náà lọ tàbí kí òun tún un bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹyọ kan, ni fóònù bá dún lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ńbà kan náà ni. Kírẹ́díìtì onítọ̀hún ni yóò jó báyìí, nítorí náà ó gbé e.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ni ọkùnrin náà wí. Ohùn àgbàlagbà ni, ohùn ẹni tó ti jí tipẹ́. "Ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n gbé e. Ṣùgbọ́n ó ti ń pọ̀ sí i láti ìjẹrin. Lọ́jọ́ Ajé, ẹ pè lẹ́ẹ̀marùn-ún. Lánàá, ó di méje. Mo ní àbí nǹkan ń ṣe ìyá yìí ni."

Ìyá Aliyah bi í pé ta ni òun ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní Olújìmí lorúkọ òun, òun ni bàbá Ọmọ́bọ́lá.

"Ọmọ́bọ́lá ńkọ́?"

"Ó wà níléèwé, mà. Ọdún tó máa fi jáde rèé. Mo ra fóònù mìíràn fún un nígbà Kérésì tó kọjá, nọ́ńbà tuntun ló ń lò. Ó fi èyí sílẹ̀ sílé. Ó kàn ní ìyá kan wà tó máa ń fi fìláàṣì kí òun láràárọ̀, pé ká má gbé e o, torí ó máa jẹ kírẹ́díìtì yín."

"Kí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ní ìyá dáadáa ni yín."

Ìyá Aliyah dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kò sí ohun tó ń ṣe òun, ara òun le. Ó gé fóònù, ó sì rọra jókòó sórí pákó náà, omi ń kan ẹsẹ̀ rẹ̀.

Oṣù keje ọdún tó kọjá ni Dókítà Àyàndélé, olùkọ́ yunifásítì, kó akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún sínú ọkọ̀ ojú omi wá sí Agbóyì. Àsìkò ìsinmi gígùn ni, àwọn ẹgbẹ́ wọn ń sùn dọ́sàn-án nílé. Àwọn márùn-ún yìí ni yunifásítì yàn pé kí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣe ìwádìí bí odò ṣe ń kún àti bó ṣe ń fà. Dókítà dúró níwájú ilé baálẹ̀, ó ní ìwádìí tiwọn yàtọ̀ sí ti àwọn tó máa ń wá ya fọ́tò tí wọn kì í padà wá mọ́. Ó ní àwọn kò wá wo ará Agbóyì bí ẹni ń wo ẹja nínú ọpọ́n, àwọn wá bá wọn ṣe é pọ̀ ni. "Ẹ̀yin náà, olùwádìí ni yín," ló wí. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ìyá Aliyah kò pàtẹ́wọ́, torí ó ń ro ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Wọ́n ti pè é ní ìyàwó, wọ́n ti pè é ní ìyá, wọ́n ti pè é ní opó, gbogbo apẹja tó wà létí odò ló sì ń pè é ní ìyá tó ń tún àwọ̀n ṣe. Ẹnikẹ́ni kò pè é ní olùwádìí rí.

Wọ́n pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sílé-sílé. Ọmọ́bọ́lá ló bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ilé rẹ̀ ló kọjú sódò gan-an. Ọmọ ẹ́sítéètì ni, nínú ilé onígéètì kan lẹ́yìn Kétù ni wọ́n ti tọ́ ọ. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, bí ọ̀pọ̀lọ́ bá ké, yóò fò sókè. Bí wọ́n bá gbé ẹja tó ní ojú síwájú rẹ̀, yóò wo ibòmíràn. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹrin, orí ẹja ló ń kọ́kọ́ jẹ, ó ń bá Ìyá Aliyah di okùn àwọ̀n, ó ń pè é ní Mọ́mì, ó sì ń bi í ní ìbéèrè tí ọmọ bíbí inú rẹ̀ kò bi í rí. Ilé tó ti dákẹ́ láti ọjọ́ tí bàbá Aliyah ti kú tún wá ń dún. Ìyá náà kò mọ̀ pé ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn ti ń dun òun tipẹ́, àfi ìgbà tó lọ.

Ọmọ náà ló ronú kan fìláàṣì. Ìyá Aliyah kò kàwé, òǹkà ló mọ̀. Lọ́jọ́ tí Ọmọ́bọ́lá bá lọ jábọ̀ fún Dókítà nílùú, ìyá yóò ka ìlà ara igi, yóò fi fóònù alátọ́ọ̀ṣì tí Aliyah rà fún un pè é níye ìgbà tí ìlà bá jẹ́, ọmọ náà yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé. Kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan rí. Dókítà fúnra rẹ̀ yìn ín lójú gbogbo èèyàn.

Lọ́jọ́ tí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ pé, wọ́n se ìrẹsì, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n fún olúkúlùkù ní ìwé ẹ̀rí. Ọmọ́bọ́lá sunkún. Nígbà tó fẹ́ wọ ọkọ̀, ó dì mọ́ ìyá náà lọ́rùn, ó ní, "Mọ́mì, ẹ bá mi máa mójú tó odò wa o."

Ọ̀rọ̀ ìdágbére ni. Bí ẹni tó ń lọ sí àjò ṣe ń ní kí wọ́n bá òun mójú tó ilé ni, kò sẹ́ni tó retí pé kí wọ́n wá máa jábọ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá Aliyah ti ṣe iṣẹ́ fún èèyàn láyé rẹ̀, ó sì mọ bí iṣẹ́ ṣe rí: ẹni tó fini síṣẹ́ ló ń ní kéèyàn kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní kí ó kúrò. Ó fún ọmọ náà lésì pé kó fọkàn balẹ̀, òun kò ní í pa ọjọ́ kankan jẹ. Kò sì pa á jẹ. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ tó jẹ́ ìlà kan ṣoṣo ló wà nínú omi, ó pè lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀, ó ní kí Mutolib di òun lápá mú dé etí pákó kí òun lè rí igi, ó sì pè.

Mutolib yìí, awakọ̀ ojú omi ni. Wọ́n fún òun náà ní igi tirẹ̀ lápá òdìkejì odò. Ọjọ́ kejì ìrẹsì náà ló ti pa á tì, ó sì ti sọ igi di ibi tó ń so ọkọ̀ mọ́. Ó sọ fún Ìyá Aliyah nígbà náà pé, "Iṣẹ́ yìí ti parí o, ìyá, a ti jẹ ìrẹsì rẹ̀." Ìyá Aliyah bi í pé ta ló sọ fún un. Kò rí ẹnikẹ́ni dárúkọ. Láti ìgbà náà, Ẹni Yunifásítì ló ń pè é.

Ti Aliyah ló le jù. Ìkòròdù ni Aliyah ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ó sì ti bẹ ìyá rẹ̀ títí pé kó wá máa bá àwọn gbé, kó fi ilé tí omi ń wọ̀ lọ́dọọdún sílẹ̀. Ìyá kò fẹ́. Kò fẹ́ di àgbàlagbà tí wọ́n gbé sí kọ̀rọ̀ pálọ̀ ọlọ́pàálọ̀, tó ń wo tẹlifíṣọ̀n tí kò gbọ́ èdè rẹ̀, tí wọ́n ń bi lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ bóyá ó ti jẹun. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tó ń pọ́nni lé? Ohun tó ń sọ ni pé, "Iṣẹ́ yunifásítì wà lọ́wọ́ mi." Ibẹ̀ ni Aliyah máa ń fi ọ̀rọ̀ náà sí.

Wàyí o, iṣẹ́ kò sí. Fóònù tó wà lórí pẹpẹ nínú ilé olówó kan ni òun ti ń jábọ̀ fún láti Kérésì. Ojú tì í níbi tó jókòó sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò rí i. Kì í ṣe pé ọmọ náà gbàgbé rẹ̀ ló dùn ún jù, ọmọ a máa gbàgbé. Ohun tó dùn ún ni pé iṣẹ́ tí kò sí ni òun ti fi ń lé ọmọ òun sẹ́yìn láti ọjọ́ yìí.

Mutolib wa ọkọ̀ kọjá, ó dín ẹ́ńjìnnì kù, ó bèèrè pé, "Ẹni Yunifásítì, mélòó lónìí?" Ó ní mẹ́jọ. Mutolib ní àwọn ará ìsàlẹ̀ ti ń gbé ẹrù wọn gorí àjà, kí ìyá náà máa múra. Ó wo ojú rẹ̀ díẹ̀, ó bi í bóyá kò sí nǹkan. Ìyá Aliyah ní oorun ló ń kun òun.

Lọ́jọ́ kejì, kò jáde lọ wo igi. Ó kírun Àsùbáà tán, ó jókòó sórí ẹní, ó ń gbọ́ bí omi ṣe ń lu òpó pákó. Oòrùn ti ń mú kí fóònù rẹ̀ tó dún. Nọ́ńbà tí kò mọ̀ ni, ṣùgbọ́n ó mọ ohùn náà kó tó parí ìkíni.

"Mọ́mì, ẹ káàárọ̀ mà. Dádì ló fún mi ní nọ́ńbà yín," ni Ọmọ́bọ́lá wí. "Mọ́mì, Dádì ní iye ìgbà tẹ́ ẹ máa ń pè kì í dọ́gba. Ṣé omi lẹ ti ń kà fún mi látọjọ́ yìí? Mi ò kà á mọ́, mà. Mo kàn máa ń rí i pé ẹ pè ni. Mo ní ẹ ń kí mi ni."

Ìyá Aliyah gbọ́ ìbẹ̀rù nínú ohùn náà. Bí ọmọ tó fọ́ abọ́, tó wá dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ń gbọ́ bóyá ìyá rẹ̀ ti mọ̀, bẹ́ẹ̀ ló rí létí rẹ̀. Ó rántí pé ọmọ yìí ti fẹ́ ṣe ìdánwò àṣekágbá.

"Omi kẹ̀?" ló wí. "Mò ń kí ẹ ni."

"Ṣé lóòótọ́, mà?"

"Iṣẹ́ ti parí lọ́dún tó kọjá, a ti jẹ ìrẹsì ẹ̀. Kí ni màá tún máa ka omi fún? Mo fẹ́ kó o máa rántí mi ni."

Ọmọ náà mí kanlẹ̀. Ó ní òun kò lè jẹun láti àná, pé tó bá jẹ́ omi ni, òun kò mọ ohun tí òun ì bá sọ fún Dókítà, nígbà tí wọ́n ti di ìwé ìwádìí náà tí wọ́n sì ti fi ránṣẹ́ tipẹ́. Ó ní bí òun bá ti ṣe ìdánwò tán, òun yóò wá kí wọn ní Agbóyì, òun yóò sùn mọ́jú. Ìyá Aliyah ṣe àdúrà fún un, ó ní kó máa jẹun, kó má ronú kankan. Irọ́ ni ó pa, ó sì mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ gbé ẹrù òun wọ yàrá ìdánwò. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ó sunkún, ó sì fi etí ìró nu ojú rẹ̀.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun ọ̀sán nígbà tí bàbá Ọmọ́bọ́lá pè.

"Ẹ ò pè láàárọ̀ yìí, mà."

Ìyá Aliyah ní ọmọ wọn ti bá òun sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ti yé ara wọn, kí wọ́n má ṣe ìyọnu mọ́.

"Ó sọ fún mi. Ó ní ìkíni ni," ni bàbá náà wí. "Iṣẹ́ awọnlẹ̀ ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, mà. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi ń wọn nǹkan. Ìkíni kì í gòkè kó tún máa sọ̀ báyìí. Lóṣù kejì, ẹyọ kan ni, ojoojúmọ́. Nígbà tó di oṣù kẹfà, ó di mẹ́fà."

"Báwo lẹ ṣe wá mọ ti oṣù kejì?"

"Mo ń kọ ọ́ sára kálẹ́ńdà ni."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì. Ó ní oṣù kejìlá ni ìyàwó òun kú. Àwọn ọmọ wá, wọ́n sin ín, wọ́n bá òun ṣọdún, nígbà tó sì di oṣù kìíní oníkálùkù padà sí ibi tó ti wá. Yàrá mẹ́rin ló kù pẹ̀lú òun. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, fóònù tí Ọmọ́bọ́lá fi sílẹ̀ dún lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Òun kọ ẹyọ kan sínú àpótí ọjọ́ náà lára kálẹ́ńdà, nítorí pé ọwọ́ òun kò mọ bí wọ́n ti í jókòó láìkọ nǹkan. Ní ọjọ́ kejì òun tún kọ ọ́. Nígbà tó yá, òun a ti wẹ̀, òun a ti wọ ẹ̀wù, òun a ti jókòó ti fóònù kí àkókò náà tó tó. Ó ní òun kò sọ fún Ọmọ́bọ́lá, kó má baà rò pé orí bàbá òun ti ń yí.

Ẹni tó lè pa irọ́ fún ọmọdé kò lè pa á fún irú bàbá báyìí.

"Omi ni," ló wí. "Odò ni mò ń kà fún wọn. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé ó ti tán."

Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí igi dé orí ìrẹsì. Bàbá náà kò rẹ́rìn-ín. Ìyá Aliyah gbọ́ bó ṣe ń ṣí ìwé kálẹ́ńdà.

"Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹfà," ni bàbá náà wí. "Mẹ́fà."

"Ọjọ́ tí omi gbé àgò adìẹ mi lọ nìyẹn, tòun tadìẹ."

"Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ. Mẹ́ta."

"Òjò sinmi nígbà yẹn. A sá ẹja."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a lọ, bàbá ń ka ọjọ́, ìyá ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, títí wọ́n fi pe ìrun. Bàbá ní ohun tó dun òun ni pé ti oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́ kò sí níbẹ̀, nítorí ọmọ òun kò kọ ọ́. Ìyá Aliyah ní kò burú, òun ṣì rántí díẹ̀. Kó tó lọ ṣe àlùwàlá, bàbá bi í pé mélòó ni lónìí. Ó dìde, ó jáde síta lọ wò ó. Omi ti gba ìlà kẹjọ kọjá, kò sì tíì dé ìkẹsàn-án.

"Mẹ́jọ ààbọ̀," ló wí. "Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe é, ààbọ̀ kò ṣeé fìláàṣì."

"Mo lè kọ ààbọ̀, mà."

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó pè lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Inú rẹ̀ dùn bó ṣe ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi ti wọ pálọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, ògiri ẹ̀yìn yàrá rẹ̀ wó. Kò pa ẹnikẹ́ni lára, ó kàn rọra jókòó sínú omi bí ẹni tó ti rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì wọlé láti ibi tí ìmọ́lẹ̀ kì í gbà wọlé. Mutolib ló pe Aliyah. Òun náà ló sì fi ọkọ̀ gbé e wá, ó so ọkọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, Aliyah bọ́ sínú omi tó dé orúnkún rẹ̀. Kò kí ìyá rẹ̀ tán kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ.

"Màámi, ẹ wá ká máa lọ. Ẹ má dárúkọ iṣẹ́ kankan fún mi lónìí."

Ìyá Aliyah la ẹnu láti dárúkọ rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Kò sí iṣẹ́," ló wí. "Ó ti parí láti ọdún tó kọjá. N ò mọ̀ ni."

Aliyah dúró pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́. Ìjà oṣù mẹ́rìnlá ló dì wá láti Ìkòròdù, kò sì rí ibi tí yóò sọ ọ́ sí mọ́. "Ta lẹ wá ń fìláàṣì? Mutolib ní ẹ pè láàárọ̀ àná."

"Bàbá kan ni. Ó wà ní ẹ́sítéètì."

"Bàbá kan?"

Mutolib tẹ̀ sórí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan bàjẹ́ níbẹ̀.

"Kì í ṣe ohun tí ò ń rò. Ìyàwó rẹ̀ ló kú. Ó ń kọ òǹkà omi sára kálẹ́ńdà, torí kò sẹ́ni tó ń bá a sọ̀rọ̀." Ìyá Aliyah wo ibi tí ògiri wà tẹ́lẹ̀. "N ò fẹ́ wá jókòó lásán nílé rẹ, Aliyah. Ìyẹn ni mo fi ń sọ pé mo níṣẹ́. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo rò pé mo níṣẹ́ náà lóòótọ́."

Aliyah jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì tó ti tutù, aṣọ wà lórí itan rẹ̀. Ó ní ta ló ní kí wọ́n wá jókòó lásán. Ó ní àwọn apẹja wà ní Ìpakòdò lẹ́bàá ọ̀dọ̀ àwọn, àwọ̀n tiwọn náà ń ya, ìyá tó sì ń bá wọn tún un ṣe ti darúgbó, ojú rẹ̀ kò ríran mọ́. Ó ní ọdún tó kọjá ni òun ti fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí òun bá pè ni wọ́n máa ń dárúkọ yunifásítì fún òun. Bó ṣe ń sọ ọ́, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Ìyá Aliyah dìde. Ó kó abẹ́rẹ́ àwọ̀n rẹ̀, ó kó òwú àti okùn, ó mú aṣọ ìkírun. Ó ní ó ti tán, òun ń lọ. Bó ṣe jókòó sínú ọkọ̀ tán, ó ní kí Aliyah bá òun fi káàdì sórí fóònù, káàdì tó pọ̀. Aliyah kò bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ó họ káàdì, ó tẹ̀ ẹ́ sí i, ó dá fóònù padà fún un.

Ó pe nọ́ńbà náà. Ó dún lẹ́ẹ̀kan, àtàǹpàkò rẹ̀ sì gé e kó tó mọ̀, nítorí ohun tó ti mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn. Ó tún un pè, ó gbé àtàǹpàkò náà kúrò lórí rẹ̀ pátápátá. Ó dún, ó dún, ó dún.

"Ẹ̀lóò?" ni bàbá náà wí níkẹyìn. "Mo ti kọ ẹyọ kan."

"Ẹ pa á rẹ́, bàbá Ọmọ́bọ́lá. Kì í ṣe fìláàṣì. Mo pè kí ẹ má baà máa dúró dè mí lọ́la. Ilé mi ti wó, ọmọ mi wá mú mi. Mò ń lọ sí Ìkòròdù."

Kírẹ́díìtì ń lọ, Ìyá Aliyah sì jẹ́ kó máa lọ. Irú ìpè yìí ni òun kò rí gbà lọ́dún tó kọjá, ó mọ̀ pé kò dùn létí, ó sì mọ̀ pé àìgbọ́ rẹ̀ ló burú jù.

"Ẹ ṣeun tí ẹ sọ fún mi," ni bàbá wí. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Ó bi í bóyá ọmọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó bi í bóyá ọkọ̀ náà dára. Ìyá Aliyah ní ó dára. Lẹ́yìn náà ni bàbá wá bèèrè pé, "Mélòó ló wà lónìí, mà, kí ẹ tó lọ?"

Ìyá Aliyah yíjú padà. Ó wo ibi tí igi máa ń wà, ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì kó má baà ṣì í. Omi nìkan ló wà níbẹ̀, ó ń ṣàn lọ gbẹrẹgẹdẹ.

"N ò rí igi náà mọ́," ló wí. "Ó ti bò ó."

"Kí ni kí n kọ síbẹ̀?"

Ó rò ó. Mutolib ti di okùn ẹ́ńjìnnì mú, ó ń dúró dè é, Aliyah náà ń wò ó.

"Ẹ kọ ọ́ pé mo wò ó," ni Ìyá Aliyah wí. "Ẹ kọ ọ́ pé mo wò ó kí n tó kúrò."

Bàbá náà kọ ọ́, ó sì kà á padà sí i létí, pẹ̀lú ọjọ́ àti oṣù. Ìyá Aliyah ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ó wá sọ fún Mutolib pé kó tan ẹ́ńjìnnì.